Láti Abúlé Gándà Dé Yàrá Tọkọtaya: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìsopọ̀ Ọkàn

Ọdún 1954 ni Mary Ainsworth, onímọ̀ nípa ìwà ọmọdé, bá ọkọ rẹ̀ dé Uganda. Ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láwọn abúlé Gándà nítòsí Kampala, ó ń wo bí ìyá àti ọmọ ọwọ́ ṣe ń ṣe sí ara wọn. Ìdílé 26 ló fojú tẹ̀ lé, ìwé tó kọ lórí wọn sì jáde ní 1967. Àgbàlá àwọn ìyá Áfíríkà wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ ìsopọ̀ ọkàn tí àwọn tọkọtaya ọ̀dọ́ ń kà lórí fóònù lónìí ti ta gbòǹgbò, ó sì yẹ ká mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kó tó dé Uganda, ó ti bá John Bowlby, dókítà ọpọlọ, ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bowlby ló kọ ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 1951 lórí àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí. Ó ní ohun tí ọmọ ń wá lára ìyá ju ọmú lọ: ààbò ló ń wá.

Baltimore ní Amẹ́ríkà ni Ainsworth kọjá sí lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sunkún nínú ilé bí ìyá bá jáde, nítorí ó ti mọ́ wọn lára. Ló bá ṣètò yàrá tí ọmọ ọdún kan kò dé rí. Ìyá á jáde, á padà, lẹ́ẹ̀mejì, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ìgbà tí ìyá bá wọlé padà ni Ainsworth máa ń tẹjú mọ́ jù. Ọmọ kan á sáré lọ bá a, á dákẹ́, á sì padà sídìí eré. Òmíràn á rọ̀ mọ́ ọn, síbẹ̀ á máa bínú tì í dànù. Òmíràn á ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní 1987, àwọn olùwádìí Cindy Hazan àti Phillip Shaver gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn olólùfẹ́. Wọ́n tẹ ìbéèrè sínú ìwé ìròyìn kan ní Denver, wọ́n sì yẹ ìdáhùn 620 wò. Àwọn tó ju ìdajì lọ ní ọkàn àwọn balẹ̀ lọ́dọ̀ olólùfẹ́ àwọn. Àwọn tó kù ń sá fún ìsúnmọ́ra, tàbí kí wọ́n máa bẹ̀rù pé wọn yóò kọ àwọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjà wá kàn ní 1996, nígbà tí Jeffry Simpson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn àfẹ́sọ́nà jókòó sọ ohun tó ń dá wọn níjà. Àwọn tí ẹ̀rù ìkọ̀sílẹ̀ ń bà ni inú bí jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ńlá. Àwọn ọkùnrin tó ń sá fún ìsúnmọ́ra sì ṣe ṣàkó sí olólùfẹ́ wọn.

Àmọ́ ẹ má fi irú ìpínsí wọ̀nyí sọ ara yín lórúkọ bí ẹni ń peni ní abirùn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2001 lórí àwọn Dogon ní Mali kò rí ọmọ kankan tó ń ṣe bí ẹni tí kò rí ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tọ́ni níbì kan ní ọwọ́ nínú bí èèyàn ṣe ń fẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká wo Ekpè ní orílẹ̀-èdè Benin lápẹẹrẹ. Ó wà láàárín Kútọnù àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́fà tó para pọ̀ di Sèmè-Kpodji. Tọkọtaya tó yá ilé síbẹ̀, tó ń lọ síṣẹ́ ní Kútọnù láàárọ̀, lè máà ní àgbà ẹbí kankan nítòsí. Láyé àtijọ́, láàárín àwa Yorùbá, alárenà ló ń ṣe agbódegbà, ẹbí méjèèjì ló sì ń parí ìjà. Òfin ìdílé Benin ti 2004 béèrè pé kí ọkọ àti ìyàwó fúnra wọn gbà láti fẹ́ ara wọn, kí wọ́n sì ti pé ọdún 18. Òfin rere ni lójú mi, ṣùgbọ́n ẹni tó fúnra rẹ̀ yan ẹni tó fẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń parí ìjà. Ohun tí Ainsworth wò ni kí ẹ̀yin náà wò: lẹ́yìn ariwo, ta ló kọ́kọ́ padà wá, báwo lẹnìkejì sì ṣe gbà á?

Lílù àti ìhàlẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Òfin tó de ìwà ipá sí obìnrin ti wà ní Benin láti oṣù kìíní ọdún 2012. Ìwọ arábìnrin tí wọ́n ń lù, má dúró wo bóyá yóò padà tọrọ àforíjì. Lọ sọ fún ọlọ́pàá, tàbí kí o lọ bá Institut National de la Femme, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn obìnrin, ní Kútọnù.