Ọkùnrin Oníbọn àti Ọkùnrin Oníwèé

Ilẹ̀ ni ìjà sábà máa ń dá lé nínú sinimá káúbọ́ì àwọn ará Amẹ́ríkà. Olówó màlúù ń fẹ́ kí pápá wà ní gbalasa. Àgbẹ̀ ń fẹ́ sọgbà yí oko rẹ̀ ká. Ẹni tó mọ ìbọn yìn ni àwọn olùwòran sì máa ń kà sí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1962, John Ford, ẹni tó ti fi John Wayne ṣe akọni láìmọye ìgbà, tú ọ̀rọ̀ náà wò nínú The Man Who Shot Liberty Valance.

Ọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀. Tom Doniphon, èyí tí Wayne ṣe, gbẹ́kẹ̀ lé ìbọn. Ransom Stoddard, èyí tí James Stewart ṣe, jẹ́ lọ́yà tó kó ìwé òfin wọ̀lú. Valance, jàǹdùkú tí àwọn olówó màlúù ń lò, lù ú bí ẹni máa kú, ó sì fa ìwé rẹ̀ ya. Lẹ́yìn èyí, Stoddard ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ, ó so aṣọ ìdáná mọ́ra, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, òun náà ló ń kọ́ tọmọdé tàgbà ní ìwé kíkà. Nígbà tí Valance kú, gbogbo ayé gbà pé Stoddard ló pa á. Orí òkìkí yìí ló gùn dé ipò gómìnà àti sẹ́nétọ̀. Doniphon ló yìnbọn náà láti inú òkùnkùn.

Irú ọkùnrin méjèèjì kò ṣàjèjì ní Èkó. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá ní 1913, Amọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, kò yọ àdá. Kóòtù ló gbà lọ, títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti dá a láre ní 1921. Herbert Macaulay bá a lọ pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ. Ìyàtọ̀ nìyí: Doniphon dá nìkan wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí ni Olúwa ń jà fún.

Ó yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọdẹ ni Ọlá Balógun fi ṣe akọni Àjàní Ògún ní 1976. Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, ni ọ̀dọ́kùnrin tó dojú kọ òṣèlú tó gba ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹjọ́ a máa pẹ́ ní kóòtù. Olùwòran fẹ́ rí ìṣubú aninilára kí iná sinimá tó tàn.

Ní Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò, níbi tí oko àwọn Àwórì ti di ilé, ẹni tó bá ra ilẹ̀ lè bá irú ọkùnrin méjèèjì pàdé. Ọ̀kan mú rìsíìtì dání. Èkejì kó ọmọ ogun wá gba owó ìpìlẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2016 ka fífi ipá gba ilẹ̀ léèwọ̀, ẹ̀wọ̀n sì ni ìjìyà rẹ̀. Àmọ́ akin ṣì ni ẹni tó ń fi ipá gbowó ń pe ara rẹ̀, ojo ló sì ń pe ẹni tó gba kóòtù lọ.

Nínú fíìmù Ford, tálákà ni Doniphon kú. Stoddard wá síbi òkú rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ padà, kí wọ́n sì so àmùrè ìbọn mọ́ ọn. Wọ́n dá a lóhùn pé ó ti pẹ́ tí Doniphon ti gbé ìbọn kẹ́yìn.