Òkú Inú Ilé Àlejò

Bí ẹ bá ti Ìbà jáde sí títì tó lọ sí Badagry, tí ẹ wo ọ̀tún wo òsì ní Okokomáíkò, òtẹ́ẹ̀lì ni ẹ ó máa rí: ńlá, kékeré, èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti èyí tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ọmọ tuntun. Kí ẹnì kan ṣáà sọ pé òun rí òkú ní yàrá kan níbẹ̀. Wàhálà dé nìyẹn! Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wòlíì á ti wọ ibẹ̀, ààfáà á tẹ̀lé e, wọn á kun ilé, wọn á yí orúkọ òtẹ́ẹ̀lì padà. Ta ló fẹ́ sanwó kí iwin wá bá a pín bẹ́ẹ̀dì?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò rí i bẹ́ẹ̀ o. Lọ́dọ̀ tiwọn, iwin ni àwọn kan fi ń polówó ilé àlejò. Ọ̀kan nínú àwọn tó sọ irú ìsùn yìí di òkìkí ni Harry Price. Ní 1937, ó háyà ilé àlùfáà kan ní Borley, ní Essex, fún ọdún kan, nítorí wọ́n ní òkú sísítà kan ń rìn kiri níbẹ̀. Ó kéde nínú ìwé ìròyìn The Times pé òun ń wá àwọn tí yóò máa wá ṣọ́ ilé náà lóru. Èèyàn 48 ló gbà. Ilé náà jó ní 1939. Ọdún kejì ni Price gbé ìwé jáde lórí rẹ̀. Ó di 1956 kí àwọn olùwádìí mẹ́ta tó kọ ọ́ pé ó jọ pé ọwọ́ Price fúnra rẹ̀ wà nínú díẹ̀ lára iṣẹ́ iwin náà. Òkìkí ti kàn ná, ta ló fẹ́ gbọ́?

Tiwa yàtọ̀. Kì í kúkú ṣe pé Yorùbá ń sá fún gbogbo òkú. Láyé àtijọ́, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbàlagbà sí. Ọmọ-ọmọ á tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ tí bàbá àgbà wà lábẹ́ rẹ̀, á sùn, á hanrun. Òkú tó ń rìn lọ́dọ̀ wa, àkúdàáyà ni, òun kì í sì í dúró síbi tó kú sí. Wọ́n á sin ín ní Ìlọrin, wọ́n á tún gbúròó rẹ̀ l'Ékòó pé ó ti gba yàrá, ó ń tajà, ó tilẹ̀ ti níyàwó. Ọjọ́ tí ará ilé bá yọ sí i, ó pòórá nìyẹn. Ẹ ò rí i pé nínú ìtàn tiwa, ilé kọ́ ló ń bani lẹ́rù, ayálégbé ni.

Òkú tí a ń bẹ̀rù jù ni èyí tí kò lẹ́ni, tí wọn ò sin dáadáa, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Irú wọn ò sì jìnnà sí Ìbà. Ẹ máa bá títì yẹn lọ dé Badagry, kí ẹ béèrè ilé Sẹ́ríkí Williams Abass. Wọ́n mú Sẹ́ríkí fúnra rẹ̀ lẹ́rú ní kékeré. Nígbà tó padà dé, òun náà di oníṣòwò ẹrú. Ó kú ní 1919. Ilé náà ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn tó ń mú àlejò yí i ká sì máa ń sọ pé yàrá 40 ló wà níbẹ̀, pé ẹrú 40 ni wọ́n ń há mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lódìkejì ọ̀sà, ní Gberefu, kànga kan wà tí wọ́n ní wọ́n ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Mo ti ro ọ̀rọ̀ kànga yẹn títí. Òkú tí wọ́n ti mú kó gbàgbé ilé, ta ni yóò lọ bá lálejò?

Ẹni tó bá wá fẹ́ sanwó sùn síbi tí wọ́n ti há ẹrú mọ́ gan-an, kó kọjá Sèmè, kó kọjá Kútọnu àti Lomé, kó wọ Ghana. Ní Senya Beraku, létí òkun, àwọn òyìnbó Holland kọ́ ilé olódi kan lẹ́yìn 1700, wọ́n pè é ní Ìrètí Rere. Wúrà ni wọ́n bá débẹ̀. Nígbà tí òwò di ti ẹrú, wọ́n fẹ ilé náà ní 1715, wọ́n kọ́ ẹ̀wọ̀n ẹrú mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n parí ní Apam ní 1702, Sùúrù ni wọ́n pe ìyẹn, nítorí àwọn ará ìlú ta kò wọ́n, iṣẹ́ sì falẹ̀. Ìrètí Rere àti Sùúrù! Ojú ò ti àwọn èèyàn wọ̀nyí rárá. Nígbà tó yá, wọ́n tún méjèèjì ṣe, wọ́n sọ wọ́n di ilé àlejò, arìnrìn-àjò sì ń sanwó sùn síbẹ̀. UNESCO ka àwọn ilé olódi Ghana mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1979.

Bí àlejò bá gbọ́ ariwo lóru níbẹ̀, á ní iwin dé. Òkun ni, ó ń gbá àpáta. Àmọ́ àwọn oníṣòwò tó kọ́kọ́ sùn sínú odi yẹn gbọ́ ariwo tí kì í ṣe ti òkun, tí kì í sì í ṣe ti iwin. Alààyè ló ń ké, nínú ẹ̀wọ̀n tó wà nínú ọgbà kan náà. Wọ́n sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n jẹun, wọ́n ṣí ìwé ìṣirò, wọ́n kọ iye orí tó kù sílẹ̀.