Irin Àtijọ́ àti Àwọn Tí Ń Jí I Dìde ní Òkè-Ògùn

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ irin ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó rọ nǹkan tuntun ni a sábà máa ń yìn. Ẹni tí ó mú ohun tí ó ti bàjẹ́ padà bọ̀ sípò kì í ní orúkọ nínú ìtàn. Òun gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, nítorí ó dá wa lójú pé nípa ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ irin kò fi tíì parun ní Ṣakí, ní Ìṣẹ́yìn, àti ní àwọn ìlú tí ó wà láàrin wọn.

Kò sí àní-àní pé àwọn baba wa mọ bí a ti í yọ irin láti inú òkúta. Samuel Johnson, tí ó ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó jẹ́rìí nínú rẹ̀ pé kí àwọn Òyìnbó tó dé, láti orí ohun ìjà títí dé orí abẹ́rẹ́, ilé ni a ti ń rọ gbogbo rẹ̀. Ó fi kún un pé ti òkè òkun, tí owó rẹ̀ kéré tí ó sì ń dán jù, ti ń lé ti ilé kúrò lọ́jà, bí kò tilẹ̀ tọ́ tó o.

Ní 1904, Ọ̀gbẹ́ni C. V. Bellamy, ẹni tí ó ń ṣe olórí iṣẹ́ òde ìjọba ní Èkó, tẹ ìròyìn kan jáde nípa ilé ìyọ́rin ní abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní Ola-Igbi. Odidi abúlé ni iṣẹ́ náà ń bọ́. Wọ́n ń wa òkúta, wọ́n ń sun èédú, wọ́n ń gún òkúta náà, wọ́n sì ń fi omi ṣàn án. Iná ìléru a sì máa jó fún nǹkan bí wákàtí 36 láìlo ewìrì rárá. Ihò amọ̀ tí a là sí ẹsẹ̀ ìléru ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ní 1901, ọdún mẹ́ta ṣáájú ìròyìn yìí, ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn, ó sì ń gbé ọ̀pá irin wá láti etí òkun ní iye tí abúlé kan kò lè bá a díje. Ìléru kú. Àwọn tí ó mọ bí a ti í bọ́ ọ sì kú lẹ́yìn rẹ̀.

Èéṣe tí àgbẹ̀dẹ kò bá ìléru kú? Ní tiwa, a rò pé ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìléru kò lè fi ènìyàn díẹ̀ gbé ara rẹ̀ ró. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta tó fún àgbẹ̀dẹ kan: ẹni tí ń fín ewìrì, ẹni tí ń fi ẹ̀mú di irin mú, àti ẹni tí ń fi owú lù ú. Kò sì ṣe ohun kan fún un bí irin náà ti ibikíbi wá. Ilẹ̀ ọ̀dàn wa ní òkúta wẹ́wẹ́ púpọ̀, ó sì ń jẹ ẹnu ọkọ́ kíákíá. Àgbẹ̀ a gbé e wá, a ó fi irin mìíràn kún ẹnu rẹ̀. Nígbà tí kò bá gba àfikún mọ́, a di ọkọ́ kékeré tí a fi ń ro ẹ̀bá ilé. Lẹ́yìn èyí a di ọ̀bẹ. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù sì dé, àwọn alágbẹ̀dẹ rí i pé sípíríìnì abẹ́ rẹ̀ dára fún àdá ju irin tí a fi ń kọ́lé lọ, nítorí pé irin sípíríìnì a máa le nígbà tí a bá rì í bọ omi tàbí òróró ní pípọ́n, ti ìkọ́lé kì í sì í le bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ èyí tí ojú tiwa rí. Ní Ìṣẹ́yìn, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ òkè ń jáde lórí òfì, a sì ní láti rán an pọ̀ kí ó tó di aṣọ. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ fi di ohun ọ̀wọ̀ nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé. A bá ọ̀kan pàdé lórí ìwọ̀n ẹni tí ń ra àlòkù irin. Singer ni, lẹ́tà Y ni ó sì ṣáájú nọ́ńbà ara rẹ̀. Àmì yìí fi hàn pé ní Clydebank, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, ni a ti ṣe é, láàrin 1921 sí 1935. A san owó ìwọ̀n rẹ̀, a sì gbé e lọ sí gáréèjì ilé wa, níbi tí mọ́tò kò tíì wọ̀ rí.

Ìpaàrà ti so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kẹrosíìnì ni a ń kán sí i ní alaalẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó mì. A tú u, a ń to skúrù kọ̀ọ̀kan sórí pákó bí ó ti jáde, a sì fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún. A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀bi wa pamọ́: ìtara mú kí a fi pépà oníyanrìn ha ibi tí kò yẹ, a sì pa òdòdó wúrà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan rẹ́. Èyí tí ó burú jù ni ti ọ̀kọ̀. Bí ahunṣọ ti ní ọ̀kọ̀ tí ń gbé òwú kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ní ọ̀kọ̀ irin kékeré nínú, irin pẹlẹbẹ kan sì wà lára rẹ̀ tí ń tẹ òwú mọ́lẹ̀. A ti irin pẹlẹbẹ náà bọ iná kí ìpaàrà rẹ̀ lè jó dànù. Nígbà tí ó tutù, ó ti rọ̀ bí ewé.

Alágbẹ̀dẹ kan ní Ṣakí ni a gbé e tọ̀ lọ. Bàbá náà wò ó, ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ ti yọ ẹ̀mí rẹ̀.” Ó gé òmíràn láti ara sípíríìnì aago ògiri àtijọ́. Ó kọ́kọ́ mú un pọ́n nínú iná, ó sì jẹ́ kí ó tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú eérú, kí ó lè rọ̀ fún fáìlì. Lẹ́yìn tí ó ti gún un dára, ó tún mú un pọ́n, ó sì rì í bọ òróró. Ó le, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹ́ bí dígí. Nítorí náà ó fi èédú gbígbóná yá a díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí aró, ó sì gbé e kúrò lójú kan náà. Kò lo ohun ìwọ̀n-ooru kankan. A bi í bí ó ti mọ̀ pé ó tó. Ó ní ojú ni.

A ti ilé iṣẹ́ Clydebank, tí ó ṣí ní 1885, pa ní 1980, a sì wó o lulẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò sí ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ́ tí a lè kọ̀wé sí fún irin pẹlẹbẹ kan. Ojú bàbá yẹn ni ó kù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ó sì ń fín ewìrì fún un ní ọjọ́ tí a lọ.

Ẹ̀rọ náà ń ránṣọ báyìí. Ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n lórí ìwọ̀n ní ọjọ́ tí a rà á. Èkejì pé ju tiwa lọ, òdòdó wúrà rẹ̀ sì hàn ketekete, owó kò sì sí lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a padà dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ̀ ti kó o pọ̀ mọ́ àwọn ìyókù, ó ti gbé e lọ sí ìhà Ògìjo, níbi tí a ti ń yọ́ àlòkù irin di ọ̀pá ìkọ́lé.