Atukọ̀ Tí Ó Padà Wálé: Captain J. P. L. Davies

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Barking bíi tiwa, ṣé ẹ mọ̀ pé ìlú apẹja ni ibí yìí tẹ́lẹ̀? Ní nǹkan bí ọdún 1850, ọkọ̀ ìpẹja tí ó wà níbí wà lára èyí tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àkókò yẹn gan-an, ọmọ Yorùbá kan ń kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun Áfíríkà. Ìtàn tirẹ̀ ni a fẹ́ kà lónìí.

James Pinson Labulo Davies ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1828 ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń lé àwọn oníṣòwò ẹrú ni ó gbà wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí Labulo dàgbà, inú ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun kan náà ni òun náà wọ̀. Ọkọ̀ Volcano ni ó ti kọ́ṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ ogun wá sí Èkó láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, kí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ogun Àgídìǹgbì ni àwọn ará Èkó ń pè é, nítorí bí ìbọn àgbá ṣe ń dún. Labulo wà nínú ọkọ̀ Bloodhound, ó sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ń yìnbọn sí ìlú Yorùbá. Àwọn kan lè ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn mìíràn á ní òwò ẹrú tí ó kó òbí rẹ̀ lọ ni ó ń bá jà. Ní tèmi, n kò lè dá a lẹ́bi tán, n kò sì lè yìn ín tán, nítorí pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi àwọn òbí yín ní èrò tiwọn.

Ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀ ní 1852, ó di ọ̀gá ọkọ̀ òwò, ó sì wá fi Èkó ṣe ilé ní 1856. Mo ní ó "padà wálé", bẹ́ẹ̀ wọn kò bí i síbẹ̀ rárá. Ẹ̀yin náà ńkọ́, tí wọ́n bí sí Dagenham, tí ẹ ń sọ pé ẹ ń lọ sílé ní Kérésì?

Nígbà tí T. B. Macaulay dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, Davies fi £50 ṣe ìrànwọ́ fún ìwé àti ohun èlò. Owó gidi ni nígbà náà. Ẹ gbà mí gbọ́, ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1862, ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní Brighton. Àìná ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì mú un lẹ́rú ní 1848, kí ó tó di ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ń ṣe alágbàtọ́ fún. Àwòrán tọkọtaya náà wà nínú àkójọ National Portrait Gallery.

Òwò rẹ̀ wó nígbà tí ó yá. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn títí ó fi délé ẹjọ́, ní 1876. Ẹlòmíràn ì bá padà sójú òkun, ṣùgbọ́n oko ni Davies lọ. Ní nǹkan bí 1880, ó gbin kòkó sí Ijon, nítòsí Agége. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ka èyí sókè, kí ẹ ṣọ́ àmì ohùn dáadáa: ó tu ọkọ̀, ó di ọkọ Àìná, ó mú ọkọ́ lọ sí oko.

Ikọ́ ife pa Àìná ní 1880, ní erékùṣù Madeira. Inú oko Ijon ni ọkọ rẹ̀ ri òpó òkúta ìrántí rẹ̀ mọ́. Davies fúnra rẹ̀ kú ní Èkó ní 1906. Nígbà náà, àwọn àgbẹ̀ Agége bíi J. K. Coker ti ń gbin kòkó rẹpẹtẹ.