Ìsinmi nítorí àárẹ̀ ẹnu iṣẹ́

Ìsinmi nítorí àárẹ̀ ẹnu iṣẹ́ jẹ́ àkókò tí òṣìṣẹ́ fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí wàhálà iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ bá ti gba okun rẹ̀ tán. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò dárúkọ àárẹ̀ yìí. Ìwé ẹ̀rí dókítà ni ó ń ṣí ọ̀nà ìsinmi náà.

Ìtumọ̀

Àpilẹ̀kọ tí Herbert Freudenberger, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ní ọdún 1974 ni ó sọ àárẹ̀ yìí di mímọ̀. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé ó jẹ́ ohun tí iṣẹ́ ń fà, kì í ṣe àìsàn. Àmì rẹ̀ mẹ́ta ni àìlókun, kí iṣẹ́ sú ènìyàn, àti kí iṣẹ́ ẹni má kẹ́sẹ járí mọ́.

Òfin

Abala 16 nínú Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 fún òṣìṣẹ́ ní owó iṣẹ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12, ó pẹ́ tán, lọ́dún, bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀. Abala 18 fún un ní ìsinmi ọdọọdún ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, lẹ́yìn oṣù 12. Nítorí pé àárẹ̀ nìkan kì í ṣe àìsàn, ohun tó bá bí, bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àìrí oorun sùn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ni dókítà sábà máa ń kọ sínú ìwé. Òfin yìí kò kan àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkọ́mọ̀ṣe. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba tàbí àdéhùn ìgbanisíṣẹ́ ni ó ń darí ìsinmi tiwọn.

Ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì lè tọrọ ìsinmi lọ́nà yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olùkọ́ Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ní Ìkẹ́rẹ́. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò kò ní ọ̀gá tí wọn yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì ní owó oṣù tí yóò máa wọlé bí wọ́n bá ń sinmi. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni Yorùbá fi ń dín irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kù láyé àtijọ́. Ẹni tí a bá ṣe àáró fún gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ san án padà. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹbí àti aládùúgbò a máa báni ṣiṣẹ́, oúnjẹ nìkan ni a sì ń fún wọn. Nítorí náà, ọ̀wẹ̀ ni ó sún mọ́ ìsinmi jù fún àgbẹ̀ tí ó rẹ̀.