Olóòótú Ìjọba Tuntun Lójú Àwọn Ará Jàpáànù, 1913 sí 2025

Ní Jàpáànù, aráàlú kì í dìbò yan olóòótú ìjọba. Àwọn aṣòfin ló ń yàn án láàárín ara wọn. Ẹgbẹ́ òṣèlú LDP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1955, ló sì ti ń ṣàkóso fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹni tó bá di olórí ẹgbẹ́ náà ló sábà máa ń di olóòótú ìjọba. Olórí lè kúrò, kí òmíràn sì wọlé, láìsí pé aráàlú dìbò rárá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ aráàlú nípa ẹni tuntun fi wúwo níbẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, ìwọ́de àti ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Lẹ́yìn ogun, ìwádìí èrò aráàlú tí àwọn ìwé ìròyìn Asahi, Yomiuri àti Mainichi ń ṣe di ọ̀nà pàtàkì. Ohun kan kò yí padà ní gbogbo ìgbà náà: ìwà ẹni tó kúrò ni wọ́n fi ń wo ẹni tó wọlé.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1912, Katsura Taro di olóòótú ìjọba lẹ́ẹ̀kẹta. Lójú aráàlú, àwọn ológun àti àwọn àgbà láti ìpínlẹ̀ Satsuma àti Choshu àtijọ́ ló fi tiwọn síbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1913, èrò yí ilé aṣòfin ká ní Tokyo, wọ́n kọ lu àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé iṣẹ́ àwọn ìwé ìròyìn tó ń gbè sẹ́yìn ìjọba. Katsura kò lò tó oṣù mẹ́ta kó tó fipò sílẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ìrẹsì wọ́n gógó. Àwọn obìnrin etíkun Toyama ló bẹ̀rẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn ní oṣù keje ọdún 1918, ó ràn dé àwọn ìlú ńlá, Terauchi Masatake tó jẹ́ ọ̀gágun sì kúrò lórí àga ní oṣù kẹsàn-án.

Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ni Hara Takashi, olórí ẹgbẹ́ Seiyukai. Òun ni olóòótú ìjọba àkọ́kọ́ tó ti ilé aṣojú-ṣòfin wá, tí kò sì ní oyè ìjòyè kankan. Àwọn ìwé ìròyìn pè é ní olóòótú ìjọba mẹ̀kúnnù, inú aráàlú sì dùn gan-an. Mẹ̀kúnnù gan-an kọ́ ni Hara: ìdílé jagunjagun ní Morioka ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ń kọ oyè ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn Terauchi, ìyẹn tó láti mú kí àwọn èèyàn rí i bí ẹni tiwọn. Ìrètí ńlá tí wọ́n ní ni pé yóò fún gbogbo ọkùnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Lọ́dún 1919, ó dín owó orí tí ẹni tó fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ san kù láti yẹ́ẹ̀nì 10 sí yẹ́ẹ̀nì 3, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Nígbà tí àwọn alátakò béèrè fún jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1920, ó tú ilé ká. Ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ tún yọjú sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1921, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè gún un pa ní ibùdókọ̀ ojú irin Tokyo.

Konoe Fumimaro náà gba ìkíni káàbọ̀ ńlá nígbà tó wọlé ní oṣù kẹfà ọdún 1937. Ẹni ọdún 45 ni, ọmọ ìdílé tó sún mọ́ ààfin, àwọn ológun àti àwọn olóṣèlú sì jọ fọwọ́ sí i. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ogun bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Ṣáínà.

Lẹ́yìn ogun, àwọn obìnrin gba ẹ̀tọ́ ìdìbò, wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó ní oṣù kẹrin ọdún 1946, nígbà tí obìnrin 39 wọ ilé aṣòfin. Àmọ́ ìwọ́de kò tíì tán. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1960, Kishi Nobusuke, tó ti jẹ́ mínísítà nínú ìjọba ìgbà ogun, ní kí ọlọ́pàá gbé àwọn aṣòfin alátakò jáde kí ilé lè fọwọ́ sí àdéhùn ààbò pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tú sí ìgboro. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, Kanba Michiko, kú nínú rògbòdìyàn náà. Ààrẹ Eisenhower kò lè wá sí Tokyo mọ́, Kishi sì fipò sílẹ̀. Ikeda Hayato tó rọ́pò rẹ̀ kò jẹ́ ẹni tí aráàlú fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ṣèlérí pé owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọdún mẹ́wàá. Nínú ìdìbò oṣù kọkànlá, LDP gba àga 296 nínú 467. Ìbínú oṣù kẹfà ti rọlẹ̀ kí ọdún tó parí.

Ìtàn Tanaka Kakuei ló fi hàn jù pé ìwà ẹni tó kúrò ni wọ́n fi ń wo ẹni tó wọlé. Sato Eisaku, tó ṣàkóso fún ọdún méje àti oṣù díẹ̀, lé àwọn akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn jáde lọ́jọ́ tó ń dágbére ní oṣù kẹfà ọdún 1972, ó sì dá nìkan bá ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀ nínú yàrá òfìfo. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Tanaka wọlé. Kishi, Ikeda àti Sato ti jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjọba, yunifásítì ńlá ni wọ́n sì ti jáde. Tanaka ní tiẹ̀, tí wọ́n bí ní abúlé kan ní Niigata ní 1918, kò wọ yunifásítì rárá. Àwọn ìwé ìròyìn fi í wé Toyotomi Hideyoshi, ọmọ tálákà tó di alákòóso Jàpáànù ní nǹkan bí irinwó ọdún ṣáájú. Ìwé tó kọ lórí bí wọ́n ṣe máa tún orílẹ̀-èdè náà tò tà wàràwàrà. Nínú ìwádìí Asahi, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn fara mọ́ ọn, ìwọ̀n tí kò sí olóòótú ìjọba tó dé ibẹ̀ rí nígbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án, ó lọ sí Beijing, ó sì dá àjọṣe Jàpáànù àti Ṣáínà padà.

Ìwé rẹ̀ kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó bá a. Àwọn oníṣòwò ń ra ilẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n rò pé ọ̀nà àti ilé iṣẹ́ máa dé, owó ilẹ̀ ga, epo rọ̀bì sì wọ́n ní ìparí ọdún 1973. Ní ọdún 1974, ìwé àtìgbàdégbà Bungei Shunju tú àṣírí bó ṣe rí owó jọ, ìdá tó fara mọ́ ọn sì já sí nǹkan bí 12. Ó kúrò ní oṣù kejìlá. Ní Niigata nìkan ni wọn kò ti kọ̀ ọ́: ní 1983, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí owó rìbá tó gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Lockheed, ó gba ìbò tó ju 220,000 lọ. Àwọn tó dìbò fún un ti rí ọ̀nà, ihò abẹ́ òkè àti ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá tó mú dé agbègbè tí yìnyín ti ń há wọn mọ́lé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kí ẹni tuntun ti di àṣà nígbà náà. Àwọn ìwé ìròyìn máa ń tẹ àkànṣe ẹ̀dà tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibùdókọ̀. Ní ìlú ìbí rẹ̀, àwọn ará àdúgbò máa ń pé jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì pariwo "banzai".

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, LDP pàdánù ìjọba fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún 38, nítorí owó rìbá ti sú aráàlú. Hosokawa Morihiro kó ẹgbẹ́ mẹ́jọ jọ, ìdá tó ju 70 lọ sì fara mọ́ ọn. Orí ìdúró ló ti ń bá àwọn akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀, ó ń fi bírò tọ́ka sí ẹni tó máa béèrè ìbéèrè, èyí sì yàtọ̀ gedegbe sí àwọn àgbà tó ti ṣíwájú rẹ̀. Kò lò tó ọdún kan: ó kéde owó orí tuntun láàárín òru, ó sì tètè fà á sẹ́yìn, kí ọ̀rọ̀ owó kan tó yá tó lé e kúrò ní oṣù kẹrin ọdún 1994.

Koizumi Junichiro nìkan ló mọ bí èèyàn ṣe ń tọ́jú irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀. Ní ìkọ̀kọ̀ ni àwọn àgbà LDP ti fi Mori Yoshiro jẹ ní 2000, lẹ́yìn tí àìsàn dá Obuchi Keizo dùbúlẹ̀ lójijì, ìdá aráàlú tó fara mọ́ Mori sì já sí ìsàlẹ̀ 10. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, Koizumi ń lérí káàkiri ìgboro pé bí LDP kò bá yí padà, òun á wó o. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ fún un ní ìbò 123 nínú 141, ọwọ́ àwọn àgbà kò sì ká a mọ́. Yomiuri rí i pé ìdá 87 ló fara mọ́ ọn. Àwọn èèyàn ń ra àwòrán rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri, èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ló sì forúkọ sílẹ̀ láti máa gba lẹ́tà ìjọba rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó lé mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, Tanaka Makiko, ọmọ Tanaka Kakuei, ní oṣù kìíní ọdún 2002, ìdùnnú náà dín kù kíákíá. Ní 2005, ilé aṣòfin àgbà kọ òfin tó fẹ́ fi sọ ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ di ti aládàáni. Ó tú ilé aṣojú-ṣòfin ká, ó fa àwọn ẹni tuntun kalẹ̀ láti bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣàtakò díje, LDP sì gba àga 296 nínú 480.

Láti 2006 sí 2012, olóòótú ìjọba mẹ́fà ló jẹ tẹ̀ lé ara wọn. Hatoyama Yukio gba ìdá tó ju 70 lọ ní 2009, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ alátakò LDP, gba àga 308, ṣùgbọ́n kò lo oṣù mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ ibùdó ológun Amẹ́ríkà ní Okinawa ló lé e. Nígbà tí LDP padà sórí àga, àwọn àgbà rẹ̀ ti mọ̀ pé ó sàn láti pààrọ̀ olórí kí ìdìbò tó dé. Ní 2021, Suga Yoshihide, ọmọ àgbẹ̀ ìgbèríko Akita tí wọ́n ti gbé gẹ̀gẹ̀ ní ọdún tó ṣíwájú, yẹ̀bá, Kishida Fumio sì borí ìdìbò oṣù kẹwàá. Ọgbọ́n kan náà kò ṣiṣẹ́ fún Ishiba Shigeru: ó pe ìdìbò kí ó tó pé oṣù kan lórí àga ní 2024, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti alájọṣe wọn sì pàdánù ọ̀pọ̀ àga tí wọ́n fi ń ṣàkóso.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Takaichi Sanae di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ olóòótú ìjọba. Ìdá tó ju 60 lọ ló fara mọ́ ọn nínú ìwádìí àwọn ìwé ìròyìn ńlá, àwọn ọ̀dọ́ sì ń wá irú báàgì tó ń gbé kiri rà. Ní ti Hara, Tanaka àti Hosokawa, ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ sí ẹni tó kúrò ló mú wọn níyì ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ìdìbò, owó ọjà àti owó orí ni wọ́n wá fi dá wọn lẹ́jọ́ nígbẹ̀yìn.