Àrùn Arán: Láti Frankfurt dé Ìdíkàn

Tí àgbàlagbà bá ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tó ń fi orúkọ ẹlòmíràn pe ọmọ rẹ̀, ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Màmá ti ń ṣarán." Àwọn kan á ní ogbó lásán ni. Àwọn mìíràn á ní àjẹ́ ni, ó ti ń jẹ́wọ́. Ìtàn àìsàn yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1901, wọ́n gbé Auguste Deter wá sí ilé ìwòsàn ní Frankfurt, nílẹ̀ Jámánì. Dókítà Alois Alzheimer ní kó kọ orúkọ ara rẹ̀. Kò lè kọ ọ́ tán. Ẹni ọdún 51 péré ni, kì í ṣe arúgbó. Nígbà tó kú lọ́dún 1906, dókítà náà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Ọpọlọ ti súnkì, ìdọ̀tí ti ṣù jọ síbẹ̀. Àìsàn ni.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó béèrè nípa tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn dara pọ̀ mọ́ àwọn oníṣègùn Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wọ àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n ń yẹ àwọn àgbà wò láti ilé dé ilé.

Iṣẹ́ náà ò rọrùn. Ọ̀pọ̀ àgbà Ìdíkàn ò kàwé, nítorí náà wọ́n lo ìdánwò tí kò ní sọ aláìkàwé di aláìsàn. Wọ́n tún bi ará ilé: ṣé màmá ṣì ń ṣe nǹkan bíi ti tẹ́lẹ̀? Ọ̀pọ̀ ò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí wọn. Àwa tí à ń kọ sọ́fíwíà mọ èyí dáadáa: tí ìbéèrè bá wọ́, ìdáhùn á wọ́.

Èsì jáde lọ́dún 2001. Nínú 1,000 àgbà ẹni ọdún 65 sókè, nǹkan bí 12 ni àrùn Alzheimer ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, nǹkan bí 25. Ìran kan náà ni wá, àmọ́ ibùgbé àti ìgbé ayé yàtọ̀. Ó jọ pé ohun tí à ń jẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó fà á.

Ṣùgbọ́n 12 kì í ṣe òdo o. Ìyá tó ṣìnà, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé onílé lóru, lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó mú òkúta, ẹ bi í pé ọmọ ta ni, kí ẹ sì mú un lọ sílé.